Ẹni Tó Fi Orúkọ Muiris Wọ Ọkọ̀

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ò ṣe é gbé sọdá òkun, kó wá bi èmi Neilí. Mo gbé e láti Kerry nílé wa dé Kebẹ́ẹ̀kì ní òdìkejì òkun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ba ayé ọmọ méjì jẹ́. Èrò rere ni mo fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ni èrò rere fẹ́ ṣe fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́?

Alárinà ni mí. Iṣẹ́ ọkùnrin ni lọ́dọ̀ wa, ọkọ mi ló sì ń ṣe é. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn ṣì ń wá sẹ́nu ọ̀nà, ni mo bá ń dá wọn lóhùn. Tí Kérésìmesì bá ti kọjá báyìí tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ò tíì wọlé, ẹsẹ̀ mi kì í gbélé, nítorí àkókò yẹn nìkan la ń gbéyàwó. Ẹni tí Lẹ́ńtì bá ká mọ́ ipò àpọ́n di ẹni yẹ̀yẹ́ fún odindi ọdún kan. Wọ́n á ní kó gba orí àpáta Skellig lọ láàárín òkun, pé àwọn fàdá àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ò tíì gbọ́ pé Lẹ́ńtì ti dé, wọ́n ṣì lè so ó pọ̀ mọ́ ìyàwó.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọ̀dùnkún ti jẹrà nínú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè alárinà mọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yà mí lẹ́nu nígbà tí Donncha kan ilẹ̀kùn mi nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Lẹ́ńtì wọlé.

"Ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ ìyá Léan," ó ní.

"Kí n lọ sọ kí ni? O ní ilẹ̀?"

"Rárá, mà."

"O ní màlúù?"

"Ẹ mọ̀ pé mi ò ní."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n ti wó o." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́ méjì, Léan sì fẹ́ mi."

Ọmọ òdìkejì odò ni, lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mìíràn. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti kú tán. Ọ̀rẹ́ Muiris, ẹ̀gbọ́n Léan, ni. Muiris ló ń wá kí tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tó yá, àwa aládùúgbò ò mọ ẹni tó ń wá kí mọ́.

Mo lọ. Opó ni ìyá wọn, obìnrin gíga tí ẹnu rẹ̀ mú. Ìyá Muiris ni gbogbo wa ń pè é.

"Neilí, ṣé ebi ti kọlù ọ́ lórí ni?" ó ní. "Ọmọkùnrin tí kò ní ilẹ̀ tí ewúrẹ́ kan lè dúró sí lo mú wá fún mi?"

"Ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ dáadáa kún inú sàréè fọ́fọ́. Kó gba Skellig lọ."

Léan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ó ń fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀ títí òwú fi ń tú. Muiris ló fèsì láti ibi tó jókòó sí. "Màámi, èmi ò rí ohun tó burú nínú Donncha o. Ó kàn burẹ́wà ni." Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó ń wò mí kí n bá a rín. Mo bá a rín in. Ìyá wọn kò rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Oṣù Kẹrin ni onílẹ̀ wa kéde pé òun á san owó ọkọ̀ dé Kebẹ́ẹ̀kì fún ẹni tó bá gbà kí wọ́n wó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé tí kò bá ní ọkùnrin tó lágbára kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé orúkọ, kí wọ́n má baà di ẹrù sí àwọn ará ọ̀hún lọ́rùn. Ìyá Muiris, Muiris àti Léan wà nínú ìwé. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, torí mo ti bẹ akọ̀wé onílẹ̀ kó kọ mí mọ́ wọn bí ìbátan. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa pe orúkọ. Ọjọ́ Ajé ni ibà pa Muiris.

Nígbà tí mo dé ilé wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ti pa ojú rẹ̀ dé. Ó gbé orí sókè, ó la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ẹkún arò. Èmi ni mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Tí o bá sunkún, àwọn aládùúgbò á gbọ́," mo ní. "Tí wọ́n bá gbọ́, akọ̀wé onílẹ̀ á gbọ́. Wọ́n á pa orúkọ yín rẹ́ nínú ìwé, ìwọ àti Léan á sì kú síbí."

Ó bu ọwọ́ mi jẹ, mi ò sì gbé e kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti dárúkọ Donncha. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ Muiris, irun wọn bára mu, akọ̀wé ò mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Kó dáhùn sí orúkọ náà títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀, kò tán?

"Ẹni tí mo lé," ó ní.

"Ẹni tí o lé náà ni."

Kó má jẹ́ pé mò ń parọ́ fún yín, mo rò pé mo gbọ́n. Mo rò pé mo ti fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì: mo gba ẹ̀mí wọn là, mo sì fi ọmọkùnrin tí Léan fẹ́ sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Donncha ló pọn òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibi tí a sin ín sí ni ibi tí a ń sin àwọn ọmọ-ọwọ́ tó kú láìrí omi ìrìbọmi, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí fàdá, kò sí àbẹ́là, ẹnikẹ́ni ò ké. Lọ́dọ̀ wa, alágbe gan-an tó bá kú sẹ́bàá ọ̀nà á rí obìnrin mẹ́ta tó máa jókòó tì í kí wọ́n sunkún arò fún un. Muiris ò rí ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó dijú, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé bí mo ṣe ní kó pa á dé.

Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé ka ìwé dé orúkọ yẹn. Àwọn aládùúgbò tó dá Donncha mọ̀ wolẹ̀. Donncha bọ́ síwájú, ó ní òun nìyí, sà. Ìyá Muiris di apá rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí a fi dé èbúté Cóbh tí a ti wọ ọkọ̀.

Èèyàn mẹ́rin ló ń sùn sórí pákó kan nísàlẹ̀ ọkọ̀, ìdílé sì ni wọ́n fi ń pín in. Ìdílé kan ni wá nínú ìwé. Donncha sùn sí etí, Ìyá Muiris tẹ̀ lé e, Léan tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, èmi wà lẹ́bàá ògiri. Ọkọ̀ ń pohùn réré, ọmọ ń ké, èébì ń ṣàn lábẹ́ wa, Donncha àti Léan sì sùn ní ìwọ̀n apá kan sí ara wọn láìgbọdọ̀ fọwọ́ kanra.

Muiris ni ìyá náà ń pe Donncha. Mo kọ́kọ́ ń yìn ín nínú ọkàn mi pé ó mọ ọ̀rọ̀ í ṣe. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbọ́ tó ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sí àjèjì kankan nítòsí.

"O rántí ọdún tí o jábọ́ lórí òrùlé, Muiris? O ní kí n má sọ fún bàbá rẹ."

Donncha wo ojú mi. "Mo rántí, Màámi," ó ní.

Ìyá já bísíkíìtì tirẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì sí i lọ́wọ́, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni àyà ti ń já mi.

Iná ìdáná mẹ́ta péré ló wà lókè ọkọ̀ fún igba èèyàn, a sì ń tò kí ó tó kan oníkálukú láti se ìyẹ̀fun àgbàdo rẹ̀. Níbi ìtò yẹn nìkan ni Léan àti Donncha ti ń ráyè sọ̀rọ̀, èmi á dúró láàárín wọn bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan.

"Ọjọ́ wo lo máa sọ fún Màámi?" Léan bi í.

"Kí n sọ kí ni? Pé ọmọ rẹ̀ kú? Ṣebí ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, kò gbà ni. Lánàá ó ń bá mi wí pé mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi lójú bí aláìnítìjú."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o sì dákẹ́."

"Léan, tí mo bá ní 'Màámi, ẹ jẹun,' á jẹun. Tí ìwọ bá sọ ọ́, kì í jẹ. Ṣé o fẹ́ kí n gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín agbami?"

Léan ń ro ìyẹ̀fun náà, ojú rẹ̀ ò kúrò nínú ìkòkò. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mí lóròòru, ara mi ò lélẹ̀. Tí a bá gúnlẹ̀ tí o ṣì ń jẹ́ Muiris, Donncha, kí ni kí n fi ara mi ṣe? Ta ni fàdá tó máa so èmi àti ẹ̀gbọ́n mi pọ̀?"

"Tí a bá ti gúnlẹ̀, màá sọ."

"Búra."

"Mo fi Màríà búra."

Mi ò gbà á gbọ́. Ojú mi ò fọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe ọmọ yẹn lọ́mọ, ó sì ti ń dùn mọ́ ọn. Bí ó bá sọ òtítọ́, ó pa ìyá. Bí kò bá sọ ọ́, ó pàdánù ìyàwó. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, mi ò sì mọ ọ̀nà tí mo lè gbà yọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni kan nínú ọkọ̀ tún wá fi epo sí iná. Labhrás lorúkọ rẹ̀, kápẹ́ńtà ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Orí rẹ̀ ti pá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tutù. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ mi fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ọmọbìnrin tó wà ní pákó yín yẹn, ṣé ó ti ní ẹni tó ń fẹ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó jẹ́ ká gúnlẹ̀ ná. Kò dúró. Ó tọ ìyá lọ, inú ìyá sì dùn débi pé ó nu ojú rẹ̀ kó tó fún un lésì. Lọ́dọ̀ wa, tí bàbá bá ti kú, àkọ́bí ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ lórí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyá pe Donncha.

"Muiris, ìwọ ni baálé wa. Labhrás fẹ́ fẹ́ àbúrò rẹ. Kí lo wí?"

Labhrás ṣí fìlà. Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ju Donncha lọ, ó sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mi ò ní fi ebi pa á. Mi ò ní nà án."

Ojú Donncha pọ́n, ó tún funfun. "Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i," ó ní.

"Ronú sí kí ni?" ìyá bèèrè. "Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró dè é lọ́hùn-ún. Ó ṣe tán, kì í ṣe aláìnílẹ̀ kan tó ń ti òdìkejì odò wá."

"Mi ò fẹ́ ẹ, Màámi," Léan ní. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá Labhrás, kì í ṣe pé ẹ ò dáa."

"Ta wá lo fẹ́?"

"Ẹ mọ ẹni tí mo fẹ́."

Ohùn ìyá rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó dáhùn. "Ẹni yẹn ò sí nínú ọkọ̀ yìí. A fi í sílẹ̀ nílé. Inú ilẹ̀ ló wà."

Donncha yí padà, ó gun àkàbà lọ sókè. Labhrás dé fìlà rẹ̀ padà, ó ní òun á dúró de èsì, ó sì lọ.

Nígbà tó ku èmi àti ìyá nìkan, mo gbìyànjú. "Ìyá Muiris, o mọ̀ pé Donncha nìyẹn."

"Ta ló ń jẹ́ Donncha?"

"Ẹgbẹ́ mi ni ọ́, má ṣe mí bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí lójú, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé orí rẹ̀ pé pérépéré. "Ìwọ lo ní kí n má sunkún, Neilí," ó ní. "Mi ò sunkún. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?" Mo wọ abẹ́ aṣọ mi, mo kọjú sí ògiri.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká dé erékùṣù tí wọ́n ti ń yẹ ará ọkọ̀ wò, ibà mú Donncha. Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Òkú mọ́kàndínlógún la ti jù sómi kó tó kàn án. Léan ń bu omi tirẹ̀ fún un, ìyá ń bu omi tirẹ̀ fún un, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní erékùṣù náà, ọkọ̀ tó dúró ṣáájú wa lé ní ogún. Dókítà tó gòkè wá bá wa ò tíì sùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo aláìsàn máa sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù, àwọn tí ara wọn le á bá ọkọ̀ lọ sí Kebẹ́ẹ̀kì. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ ti ń kú tán, nítorí náà ẹbí kan, ẹyọ kan péré, lè tẹ̀ lé aláìsàn kan.

"Èmi ìyá rẹ̀ ni," Ìyá Muiris ti sọ kí dókítà tó parí ọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé Donncha sórí pákó lókè ọkọ̀, kó máa dúró de ọkọ̀ kékeré. Fàdá kan bá dókítà wá, ọkùnrin àgbàlagbà, ó ń ti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan bọ́ sọ́dọ̀ ìkejì. Léan kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Fàdá, ẹ so wá pọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Òun nìyí."

Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ. Fàdá wo ìwé náà, ojú rẹ̀ sì le. "Ọmọbìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí."

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, sà."

Mo bọ́ síwájú. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí Muiris ṣe kú, ibi tí a sin ín sí, bí mo ṣe fi ọwọ́ bo ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Fàdá gbọ́ mi dópin.

"Alárinà ni ọ́," ó ní. "Irú yín máa ń sọ ohunkóhun tó bá máa so ìgbéyàwó. Tí mo bá gba ọ̀rọ̀ rẹ tó sì jẹ́ irọ́, ìríra ńlá ni mo ṣe níwájú Ọlọ́run. Ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀." Ó kọjú sí Ìyá Muiris. "Ẹ̀yin, mà. Níwájú Ọlọ́run, ṣé ọmọ yín nìyí?"

Wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kékeré sómi, a ń gbọ́ okùn tó ń ké. Mo mọ̀ pé tí ìyá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lá bá a sọ̀ kalẹ̀, òun lá máa nu orí rẹ̀, Léan á sì dúró lókè ọkọ̀ títí ayé rẹ̀. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Donncha ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. "Ẹ sọ ohun tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, Màámi. Mi ò ní bínú."

"Dákẹ́," Léan ní. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú ìyá rẹ̀. Kò pariwo. "Màámi, ìbéèrè kan ni mo ní. Tó bá kú lọ́hùn-ún, orúkọ ta ni wọ́n máa fi sin ín?"

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó wo erékùṣù, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò sàréè gígùn.

"Wọ́n ní ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù," ó sọ fún mi. "Tèmi kú, Neilí, o sì sọ ọ́ di ẹni tó nù."

"Mo mọ̀," mo ní. "Dárí jì mí."

Ó kọjú sí fàdá. "Muiris ọmọ mi kú lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Àjíǹde. Mo tẹ́ ẹ láìsí àbẹ́là. Èyí tó dùbúlẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ mi. Donncha ni, ọmọ òdìkejì odò. Ó tọrọ ọmọbìnrin mi kí Lẹ́ńtì tó wọlé, mo sì lé e."

Igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ ṣí ẹnu. "Á jẹ́ pé kò sí nínú ìwé..."

"Wọ́n ti ń gbé e kúrò nínú ọkọ̀ rẹ, ọ̀gbẹ́ni," fàdá ní. "Ṣé o fẹ́ dá a padà sí Kerry ni?" Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé.

Ẹlẹ́rìí méjì ni fàdá bèèrè. Èmi dúró. Ẹni kejì tó bọ́ síwájú ni Labhrás, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Abájọ," ó ní, "tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó fi ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí." Léan rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ nínú ẹ̀rín yẹn. Òrùka ò sí. Nígbà tí fàdá bi Donncha bóyá ó gbà, ó ní òun gbà, ó tún un sọ, ẹ̀rù ń bà á pé wọn ò gbọ́.

Kí wọ́n tó gbé e, Ìyá Muiris bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Donncha," ó ní, "ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ má kú fún mi o." Ó ti Léan léjìká pé kó lọ. Léan sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré.

Ìgbà tí àjẹ̀ kan omi ni ìyá gbé orí sókè. Mi ò gbé ọwọ́ mi.

"Muiris mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ọmọ tó ń fi ẹ̀rín wọlé. Màlúù mọ ohùn rẹ, ajá mọ ẹsẹ̀ rẹ. Mo tẹ́ ọ sáàárín àwọn tí kò lórúkọ, ìwọ tó lórúkọ. Mo fi orúkọ rẹ ra ọ̀nà fún àwọn tó kù. Ọmọ mi, mo dákẹ́ lé ọ lórí."

Obìnrin kan láti Clare gbà á lẹ́nu rẹ̀, òmíràn gbà á lẹ́nu tìyẹn. Gbogbo wọn ló ní ẹni tí wọ́n jù sómi láìsunkún. Láìpẹ́, gbogbo obìnrin inú ọkọ̀ ló ń ké, dókítà dúró, ó ṣí fìlà. Mo kà á sí pé ìsìnkú Muiris nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méje la fi dúró ní Kebẹ́ẹ̀kì. Labhrás bá wa wá yàrá kan nítòsí èbúté, èmi àti ìyá ń fọ aṣọ fún owó. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ti erékùṣù dé ni ìyá máa lọ dúró, á padà wá, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo máa ń jí, màá rí i tó jókòó sórí ibùsùn, mi ò sì ní bi í ní ẹni tó ń rò, nínú àwọn mẹ́ta náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, oṣù Kẹjọ, a ti wọṣọ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ní ká kọ́kọ́ gba èbúté. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Mo rí Léan, ó rù, ó di apá ọkùnrin kan mú. Wọ́n ti fá orí ọkùnrin náà, egungun ojú rẹ̀ yọ síta. Ìyá wo àárín àwọn èrò kọjá lára rẹ̀, ó ń wá ẹlòmíràn.

"Màámi," Léan ní, "ọkọ mi nìyí."

Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, àna mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ó di Léan mú gbágbágbá. Òun náà ló tún kọ́kọ́ tú ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Fàdá ò ní dúró dè wá."

Àwa mẹ́rin jókòó sórí ìjókòó kan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, fàdá máa ń ka orúkọ òkú àwọn ará wa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá sì ti ní kí wọ́n kọ ti Muiris mọ́ ọn. Orúkọ náà pọ̀. Donncha ń tòògbé, ara rẹ̀ ò tíì mókun. Nígbà tí fàdá pe Muiris, ó ta jí, ó sì dìde dúró láàárín gbogbo ìjọ, ó ń wo iwájú.

Ìyá fà á láṣọ pẹ̀lẹ́.

"Ìwọ kọ́," ó ní. "Jókòó ti ìyàwó rẹ."